Orúnkún Àwọn Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Hẹ̀rẹ̀huru tí mò ń wí ni ti àwọn ìyá wa tí làkúrègbé mú ní orúnkún. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àtẹ̀gùn rẹ̀ há, tó sì dúró ṣánṣán. Ìyá tó dúró ti ọjà láti àárọ̀ ni yóò gùn ún lálaalẹ́.

Kí ni wọ́n ń lò sí i? Róòbù, gbẹ́rẹ́, àti oògùn ìrora tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. N kò bú róòbù. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ oníṣègùn lè dá egbò sí ikùn, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́. Kòkòrò búburú nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Dókítà yóò kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ oògùn tó ń mú ara kú dán àwọn iṣan tó ń ròyìn ìrora orúnkún fún ọpọlọ wò. Bí ìrora bá rọlẹ̀, yóò ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ wọn, agbára ìgbì rédíò yóò sì mú un gbóná tó 60 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan yóò jó, ìròyìn yóò dúró. Ní 2011, àwọn oníṣègùn Kòríà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí aláìsàn 38. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ iṣẹ́ náà fún orúnkún. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún lè rí ìsinmi oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kí iṣan tó tún hù. Oríkèé tó ti gbó kò ní torí rẹ̀ di tuntun.

Àwọn kan ní ìrora ni ọlọ́dẹ ara; ta ní í pa ọlọ́dẹ nítorí pé ó pariwo? Èsì mi ni pé a ti gbọ́ ariwo náà, a sì ti rí olè. Rírìn àti eré ìdárayá tó ń fún itan lókun wà lára ìtọ́jú orúnkún tó dára jù. Báwo ni ẹni tí ìrora dè mọ́lẹ̀ yóò ṣe rìn?

Ọ̀rọ̀ kàn wá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yorùbá. Iṣan kan náà ni à ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó ń gbé ẹsẹ̀, àti èyí tó ń mọ ìrora. Bí dókítà bá sọ fún ìyá àgbà pé, “Màmá, a ó jó iṣan yín,” ṣé kò ní rò pé wọ́n fẹ́ sọ òun di arọ ni? Yóò sá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń kiri. Èmi dábàá iṣan ìròyìn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kí ó mú un wá. Ẹ jẹ́ kí á bá àwọn oníṣègùn Ìgbóbì àti ti Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn jókòó, kí á to ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí ìyá yóò gbọ́, kí ó lè gbà tàbí kí ó kọ̀ pẹ̀lú òye. Kí á sì bi àwọn aláṣẹ ètò Ìlera Èkó pé ìgbà wo ni owó irú ìtọ́jú yìí yóò tó ọwọ́ ìyá ọlọ́jà.

Ìmọ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ni a kọ́ ọ fún?