Kí Ẹ̀rọ Wọ Jùjú, Kí Gángan Má Kúrò Níwájú

Àwọn kan gbà pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ olórin àtijọ́ bá ti gbé kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìlù wọ inú orin, ọjọ́ náà ni orin ọ̀hún kú. N kò gbà bẹ́ẹ̀, jùjú fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí mi. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ojúlówó jùjú lónìí, àlejò ni nígbà kan rí. Gìtá oníná wọlé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. I.K. Dáíró gbé akọ́díọ̀nù dé. King Sunny Adé mú pedal steel, gìtá tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń ta, wá sáàárín àwọn onílù rẹ̀. Nígbà tí òun àti iléeṣẹ́ àwo orin Island wá dòwò pọ̀, tí Martin Meissonnier ará Faransé ń bá a ṣètò orin, tí ẹ̀rọ sì wọ àwo Juju Music ní 1982 àti Synchro System ní 1983, ọ̀nà tí àwọn aṣáájú ti là ló tọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ̀rọ lè jókòó sí. Ẹ wo onígángan: ó há ìlù sí abíyá, ó fún ọsán, ohùn gòkè; ó dẹwọ́, ohùn wálẹ̀. Inú ìlọsókè-sódò yẹn ni oríkì ń gbé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ láti ilé kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò sì lè kì í. Akọ́díọ̀nù náà kò lè fọhùn bíi gángan, àmọ́ Dáíró kò fi gba iṣẹ́ gángan. Orin ló fi ń gbè. Ìdí rèé tí Synchro System fi wọ̀ mí lára ju Aura ti 1984 lọ. Nínú Aura, ìlù ẹ̀rọ bọ́ síwájú jù, Stevie Wonder tó wá bá wọn lọ́wọ́ sí i kò sì lè dí àlàfo tí gángan fi sílẹ̀. Island àti Sunny Adé pínyà lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀rọ ló fà á, ọ̀rọ̀ ọjà wà níbẹ̀. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mò ń wí.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti oúnjẹ: ẹ̀rọ kan lè gba iṣẹ́ onílù mẹ́ta, kò sì ní béèrè owó ọkọ̀. Òótọ́ ni, a sì ń rí i lóde àríyá báyìí, níbi tí ẹnì kan ti ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe odidi ẹgbẹ́. Ó dùn mí, nítorí iṣẹ́ ìran ni ìlù jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, bí owó kò bá tó, kí olórí ẹgbẹ́ mọ ohun tí yóò yọ. Apá tó kàn ń di àkókò mú láti alẹ́ dòwúrọ̀, ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Àyàn tó ń wojú àwùjọ, tó mọ oríkì ìdílé, tó lè yí ọ̀rọ̀ padà bí olóde bá jáde sí agbo, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fún, kí wọ́n sì dín ohùn ẹ̀rọ kù títí a ó fi gbọ́ ohun tó ń wí.