Iṣẹ́ Ìlú: Ẹ Gé E, Ẹ Má Pa Á Tì

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́dún 1983, Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro l'Ékòó. Ìjọba ológun fagi lé e lọ́dún 1985. Owó ìlú ṣègbé, ará ìlú kò sì rí ọkọ̀ wọ̀.

Lọ́dún 2010, Èkó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, láti Òkòkòmáíkò dé Marina. Èyí náà falẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gé e sí méjì, wọ́n kọ́kọ́ parí kìlómítà 13 láàárín Mile 2 àti Marina. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

Ìjọba tó bá fẹ́ yí iṣẹ́ ìlú padà, kó gé e mọ́ ìwọ̀n àpò rẹ̀, kó má gbé e sọnù. Ojú irin tó dé Mile 2 sàn ju èyí tó parí sórí ìwé lọ.