Ọwọ́ Tó Ń Kú Lóru: Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Nìkan Ló Lè Wò Ó

Ní Kumasi, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Ní Bonwire, àárọ̀ dalẹ́ ni ahunṣọ fi ń ju igi tí wọ́n ká òwú sí láti ọwọ́ kan sí èkejì kí aṣọ kente tó gùn tó bó ṣe yẹ. Ní Suame Magazine, mẹkáníìkì ń fi sípánà bá nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà jà. Ní Ahwiaa, agbẹ́gilére kì í gbé ọ̀bẹ àti àáké sílẹ̀. Àwọn aránṣọ àti onídìrí tó wà ní Kejetia ńkọ́? Tí ilẹ̀ bá sì ṣú, odó fufu ṣì ń dúró de ọwọ́ kan náà nílé.

Torí náà, tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn yẹn. Èèyàn á jí ní aago méjì òru, ìka rẹ̀ á máa ta á bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, á wá máa gbọn ọwọ́ náà kó tó lè pa dà sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ife tíì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnì ẹ̀wù á sì di wàhálà. Àwọn kan á ní ayé ló ń bá àwọn jà. Àwọn míì á rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹlòmíì á sì fi pa mọ́, torí ó ti gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè wò ó, kò lówó ẹ̀, kò sì lè ti ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ tí wọ́n bá tètè mọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara máa ń tù wọ́n láìsí pé abẹ kàn án rárá.

Kí ló ń fún ọwọ́ náà?

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí ni carpal tunnel syndrome. Ní ọrùn ọwọ́, àwọn eegun kéékèèké tò bí ọpọ́n, iṣan líle kan tó fẹ̀ sì dé e lórí. Inú àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn ni iṣan 9 tó ń ká ìka kò ń gbà kọjá, iṣan ìmọ̀lára kan sì wà pẹ̀lú wọn. Ṣe lọ̀rọ̀ náà dà bíi títì Kejetia lọ́jọ́ tí ọjà kún. Tí nǹkan kan bá wú níbẹ̀, iṣan ìmọ̀lára yẹn ni wọ́n máa ń fún mọ́lẹ̀, torí òun ló rọ̀ jù.

Iṣan yìí ló ń mú kí àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka mọ nǹkan lára. Àwọn ìka yẹn ló sì máa ń kú. Kì í sábà kan ọmọńdinrín. Tó bá jẹ́ pé ọmọńdinrín gan-an ló ń kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan míì tó gba ìgúnpá kọjá ló níṣòro, ìyẹn sì ní ìtọ́jú tiẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ òru ló máa ń le jù? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ká ọrùn ọwọ́ kò tí wọ́n bá ń sùn, èyí á sì mú kí àlàfo náà túbọ̀ fún. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Phalen fi èyí ṣe àyẹ̀wò: kí èèyàn tẹ ọrùn ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ìṣẹ́jú 1. Tí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn yìí ni. Àwọn dókítà ṣì ń lo àyẹ̀wò náà dòní.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń fà á

Iṣẹ́ tó gba kéèyàn máa di nǹkan mú gírígírí léraléra, tàbí irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́, máa ń dá kún un. Àmọ́ ó lè jẹ́ inú ara ni ìṣòro náà ti wá. Ó máa ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá aláboyún, torí omi máa ń dúró sí wọn lára. Àrùn àtọ̀gbẹ, làkúrègbé, ara sísan jù, eegun ọrùn ọwọ́ tó ti kán rí, àti ẹṣẹ́ ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fà á. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe torí ọwọ́ ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn.

Ohun tó lè mú kó rọlẹ̀

Ẹ de ọrùn ọwọ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ìdè kan wà tí wọ́n fi irin tàbí ike pẹlẹbẹ sí nínú, tí kì í jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ká kò. Ilé oògùn máa ń tà á, àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú fisiotẹ́rápì, irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye ní Bantama, sì lè fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín. Kí ọrùn ọwọ́ wà ní gbọọrọ, kó má tẹ̀ síwájú, kó má tẹ̀ sẹ́yìn. Kí ìdè náà má fún yín jù. Ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán ni kí ẹ fi dè é lálaalẹ́ kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó dè é fún ọjọ́ mẹ́ta tó sì jù ú sílẹ̀ kò tíì gbìyànjú ẹ̀ rárá.

Ẹ tún iṣẹ́ ṣe. Ẹ pọ́n sísọ́ọ̀sì kó mú, torí èyí tó kú ló ń fẹ́ agbára. Ẹ wé aṣọ mọ́ ìdí irinṣẹ́ tó tín-ín-rín kó lè kún ọwọ́. Kí mẹkáníìkì lo sípánà tó gùn dípò kó máa fi ọrùn ọwọ́ lọ́ èyí tó kúrú. Kí onídìrí na ọwọ́, kó sì sinmi díẹ̀ lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. Nílé, kí ẹnì kan ṣoṣo má ṣe máa gún fufu lójoojúmọ́. Ọmọkùnrin náà ní ọwọ́.

Ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́. Dókítà lè gún abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sí ọrùn ọwọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Britain, tó jáde lọ́dún 2018, abẹ́rẹ́ yìí mú kí ara tù àwọn èèyàn ju ìdè òru lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù 6, kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì mọ́. Torí náà, kí ẹni tí kò lówó abẹ́rẹ́ má sọ̀rètí nù. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì jẹ́ kí dókítà mọ̀ ṣáájú, torí abẹ́rẹ́ náà lè mú kí ṣúgà ga fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Tó bá jẹ́ oyún ló fà á, ìdè òru sábà máa ń tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Ohun tó yẹ kéèyàn sá fún

Oògùn apàrora kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan fún àìsàn yìí, èyí tí wọ́n bá sì ń lò lójoojúmọ́ lè ba inú tàbí kíndìnrín jẹ́. Fítámì B6 táwọn kan ń rà fún un kò tíì fi hàn nínú ìwádìí pé ó ń wò ó. Téèyàn bá sì ń lo èyí tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́. Iṣan tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kò jìnnà sí awọ rárá.

Ìgbà tí kò yẹ kéèyàn dúró mọ́

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síta, kí ẹ wo ẹran tó wà nídìí àtàǹpàkò. Tí ti ọ̀kan bá ti ń fọ́n, tí ìka kò bá jí mọ́ tọ̀sán tòru, tàbí tí nǹkan bá ń já bọ́ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà, iṣan náà ti ń kú lọ nìyẹn. Ìdè kò tó mọ́. Ẹ lọ rí dókítà, tó bá sì ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ẹ má sá. Iṣẹ́ abẹ náà kì í pẹ́, ọwọ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń pa lára, ọjọ́ yẹn náà sì ni èèyàn máa ń lọ sílé. Téèyàn bá pẹ́ jù kó tó lọ, ẹran ìdí àtàǹpàkò lè má pa dà bọ̀ sípò mọ́.

Ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ yàtọ̀. Tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́ sápá kan, tàbí tí ọ̀rọ̀ ò já geere, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n dákẹ́ jù ni àwọn ọmọ iṣẹ́, torí wọn ò fẹ́ kí ọ̀gá pe àwọn ní ọ̀lẹ. Tí ọ̀gá bá rí ọmọ iṣẹ́ tó ń gbọn ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí sísọ́ọ̀sì ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó bi í léèrè kó tó bínú: “Ìka wo ló ń kú? Ṣé ó ń jí ẹ lóru?” Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n wá ìdè fún un lọ́sẹ̀ yẹn náà.