Kí Ni Ó Ń Tì Í? Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yorùbá nínú Ẹ̀kọ́ Fisíìsì

Ìlú alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ni Ouagadougou. Ní àdúgbò Samandin níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí òwò àwọn òbí rẹ̀ gbé dé Burkina Faso kò ní pẹ́ mọ̀ pé bí ẹni tí ó ń wa alùpùpù bá tẹ bíréèkì lójijì, èrò ẹ̀yìn a sún síwájú, a fi àyà lu ẹ̀yìn ẹni tí ó gbé e. Bí olùkọ́ bá bèèrè ohun tí ó fà á, ọmọ náà lè dáhùn pé agbára bíréèkì ni ó tì í. Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Kò sí ohun tí ó ti èrò náà síwájú. Ara rẹ̀ ń bá ìrìn tí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ ni, gẹ́gẹ́ bí òfin kìn-ín-ní Newton ti wí.

Àwọn kan a máa di ẹ̀bi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ru èdè. Wọ́n ní 'agbára' kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ń ti nǹkan, fún ohun tí ó wà nínú epo, àti fún bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ru ẹrù púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Principia tí Newton fi èdè Látìn kọ ní 1687, vis ni ó pe ohun tí ń ti nǹkan, vis náà ni ó sì pe ìwà tí kì í jẹ́ kí nǹkan fẹ́ yí ìrìn rẹ̀ padà. Ìwé náà kò di Gẹ̀ẹ́sì títí di 1729, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1979, Laurence Viennot fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́ pàápàá gbà pé bọ́ọ̀lù tí a jù sókè gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó ṣì ń tì í lọ sókè. Ta ni yóò wá sọ pé Faransé kò tó fi kọ́ fisíìsì?

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá sá tọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. 'Agbára' lè jókòó sínú nǹkan láìní olúwa. 'Tì', 'fà' àti 'gbé' kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń béèrè olùwà, wọ́n ń béèrè àbọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun kan ṣoṣo, kí ó bèèrè pé: kí ni ó ń tì í, kí ni ó ń fà á, kí ni ó gbé e dúró? Ilẹ̀ ń fa èrò ẹ̀yìn sísàlẹ̀. Ìjókòó gbé e dúró, ó sì ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí ń tì í síwájú kò ní orúkọ, nítorí náà kò sí.

Bí alùpùpù àti àwọn tí ó gùn ún bá wọn kílò 200, tí wọ́n ń sá eré mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí wọ́n sì dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5, eré wọn ń fi mítà 2 dín kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. 200 lọ́nà 2 jẹ́ newton 400. Kí ni ó tì wọ́n sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe bíréèkì, nítorí ara alùpùpù ni bíréèkì; ilẹ̀ ni ó ti táyà. Ìdí nìyí tí bíréèkì tuntun kò fi ní gba ẹnikẹ́ni là lórí ilẹ̀ tí ń yọ̀. Òfin kẹta kò tilẹ̀ le fún olùkọ́ gírámà: ilẹ̀ ti táyà, táyà ti ilẹ̀, olùwà àti àbọ̀ gba ipò ara wọn.

Ní òpin ọdún 2023, àtúnṣe òfin Burkina Faso sọ àwọn èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba, ó sì fi Faransé sí ipò èdè iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Modákẹ́kẹ́ láti 1970, ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2022 ni wọ́n fagi lé ní oṣù Kọkànlá 2025. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Yorùbá ṣì wà lórí àtẹ àkókò. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní olùwà àti àbọ̀, 'Ilẹ̀ ń ti táyà' lè dúró níbi tí 'Adé ra bàtà' ti ń dúró láti ọdún yìí wá.