Kí ọkọ̀ onígbòkun tó wọ omi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rí fọ́tò àwọn òyìnbó tó ń jayé nínú ọkọ̀ onígbòkun ní Gíríìsì, ẹ má rò pé fàájì lásán ni o. Nígbà òtútù, orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé e sí, bíi ti Preveza. Tí oṣù kẹrin bá dé, iṣẹ́ dé nìyẹn: wọ́n á ha ìdí ọkọ̀, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí koríko òkun lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á pààrọ̀ irin síǹkì tí omi iyọ̀ ti jẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tí ẹ̀rọ bá sọ̀ ọ́ sómi, wọn kì í tú bẹ́líìtì kíá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọnú lọ wò ó bóyá omi ń jò. Ẹni tó bá kánjú tú u, ọkọ̀ lè rì lójú ẹ̀, kówó bómi lọ.

Tí kò bá jò, ayé dé! Ní Hydra, níbi tí wọ́n ti fòfin de mọ́tò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ẹrù, ọtí ouzo á sì wà lórí tábìlì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì nìjà máa ń bẹ̀rẹ̀: ìdákọ̀ró tèmi ti kọ́ tìẹ, ọkọ̀ méjèèjì ò lè kúrò, àwọn tó ń mu kọfí létí omi á sì máa wòran.