Ẹkún ọmọ kì í ṣe ẹ̀bi ìyá

Ní Albarika wa, bí ọmọ tuntun bá ń ké lóru, ìyá rẹ̀ ni a ń bá wí. A ní: “Kí lo jẹ tí ọmú rẹ fi korò?” Kò tọ́! Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá ń ké. Ẹkún náà máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Bó bá pé oṣù 3 tàbí 4, á dínkù.

Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tó kọ ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹni tí kò sùn lè fi ìbínú mi ọmọ jìgìjìgì, ọpọlọ ọmọ á sì bàjẹ́. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ yé dá ìyàwó lẹ́bi. Ẹ gba ọmọ pọ̀n, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.