Káàdì Kan, Yàrá Méje: Ṣé Yorùbá Máa Ní Yàrá Níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti gbé Agbowó rí mọ ilé face-me-I-face-you. Onílé kan, ayálégbé mẹ́wàá, kálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín káàdì GPU lónìí náà nìyẹn. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ GPU, ohun tí wọ́n máa ń bi àwa tí à ń ka Yorùbá ni pé, "Èwo ni tiyín níbẹ̀?"

Tiwa wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ kọ "oko" láìfi àmì kankan sí i, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó lẹ ní lọ́kàn, tàbí ọkọ̀ Micra tó ń lọ sí Dùgbẹ̀, tàbí ọkọ́ tí bàbá àgbà fi ń roko. Ní 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìbàdàn níbí ni Dókítà Túndé Adégbọlá dá Alt-i sílẹ̀ sí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá bí ẹ̀rọ ṣe máa gbọ́ èdè wa. Irú iṣẹ́ báyìí ń fẹ́ GPU. Láìsí i, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan lè di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. T4 ọ̀fẹ́ ti Google Colab wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ju wákàtí 12 lọ lẹ́ẹ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já nígbà tó bá wù ú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Inú server kan ni káàdì náà máa wà. Wọ́n á pín server yẹn sí virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rò pé òun nìkan lòun wà láyé. Tẹ́lẹ̀, odindi káàdì ni wọ́n ń fún ẹyọ kan nínú wọn. Pẹ̀lú vGPU, T4 tó ní mẹ́mọ́rì 16GB lè di mẹ́rin, 4GB fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́mọ́rì yẹn ni yàrá yín, ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná kan náà ni gbogbo yín ń lò: bí Ìyá Ṣadé bá wà nídìí ààrò, ẹ ó dúró dè é. Ó máa ń yára gan-an, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, àfi tí gbogbo ilé bá ń dáná pa pọ̀.

MIG ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó dé pẹ̀lú A100 ní 2020. Èyí mọ ògiri sí ilé ìdáná pàápàá. A100 ti 40GB là ń sọ o: ó lè pín sí méje, 5GB fún ìkọ̀ọ̀kan. (Ẹ ti ń ṣírò rẹ̀, pé 5GB kan ṣẹ́ kù. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ pín sí mẹ́jọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pín sí méje.) Ṣé 5GB tó nǹkan? Ó tó fún wa. AfriBERTa tó jáde ní 2021 gbọ́ èdè Áfíríkà 11, Yorùbá wà lára wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi kọ́ ọ kò tó 1GB. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní iṣẹ́ tuntun lè ṣe é nínú yàrá kan ṣoṣo.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ẹ̀ka kankan ní yunifásítì ra káàdì kó tì í mọ́ ọ́fíìsì ọ̀gá kan mọ́. Owó ìwádìí á tán, eruku á bò ó. Nígbà tí IBM dá ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó lè ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé. Ohun àjùmọ̀lò ni. Kí ló dé tí a fi wá di anìkànjẹ?

Kì í ṣe pé ọ̀fẹ́ ni o. Láísẹ́ǹsì vGPU ní owó tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí owó káàdì, dọ́là sì ni. Káàdì GeForce tí àwọn ọmọ fi ń ṣe géèmù ò sí lára èyí tí Nvidia gbà kí wọ́n fi vGPU pín. Iná náà ńkọ́? A100 tí wọ́n ń kì bọ inú server lásán máa ń jẹ tó 250W, T4 ò ju 70W lọ. Láti April 2024 tí wọ́n ti sọ owó iná Band A di ₦225 fún yúníìtì kan, kò sẹ́ni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Inverter lè gbé T4.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni onílé. Tí wọ́n bá pín yàrá méje, ìṣègùn á mú, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà á mú, ẹ̀rọ á mú, wọ́n á ní kí àwa lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ra káàdì ọ̀hún pé yàrá kan jẹ́ ti èdè.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti wà ní báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù l'Ékòó, T4 ti wà lórí àtẹ láti 2018, ó ti dàgbà. Lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì yín bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú server, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n pé èló ni.